Ta Ló Fẹ́ Pa Àgbọ̀n-Irin?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ ikú ni mo fẹ́ sọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bàbá kan tí ara rẹ̀ le koko bí ọta, tí kò ní ibà, tí kò ní ikọ́, jáde nílé rẹ̀ láti lọ ra ìwé ìròyìn. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé òun máa kú lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní ìkóríta ló tú u fún un. Tẹ́lẹ̀, bí ọkùnrin yìí bá ti rí bàbá lókèèrè, á nà gbọnran, á fọwọ́ kan iwájú orí, á ní, "Ọ̀gá Àgbọ̀n-Irin! Ẹ̀yin la bá láyé!" Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó kàn ń wo bàbá láti òkè délẹ̀, ó ń mi orí.

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà," ló wí.

"Ìrọ́jú kí ni? Ta ló kú?"

"Wọn ò tíì kú, sà. Ó di Fúráìdè."

Ló bá fa ìwé àwòrán kan yọ láàárín àwọn yòókù, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Àkọlé gàdàgbà gadagba ló wà níbẹ̀: LỌ́SẸ̀ TÓ Ń BỌ̀, IKÚ ÀGBỌ̀N-IRIN! Àwòrán ẹ̀wù kóòtù ńlá kan ni wọ́n yà sábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ sílẹ̀, kò séèyàn nínú rẹ̀. Bàbá mọ kóòtù náà. Òun ló wọ̀ sọ́rùn níbi tó dúró sí yẹn.

Kí ẹ má bàa sọ pé mo gbé yín gba inú igbó lọ, ẹ jẹ́ kí n là á. Bàbá yìí ti ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá títí ó fi fẹ̀yìntì. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ náà kò ṣe ọlọ́pàá, kò ṣe lọ́yà, ó ní àwòrán lòun fẹ́ máa yà. Bàbá bínú títí ó fi sú u. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìwé kan tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, akọni inú rẹ̀ ń jẹ́ Abìyẹ́. Abìyẹ́ ń fò. Abìyẹ́ ń fi ọwọ́ lásán ká irin bí ìgbà téèyàn ń ká ẹní. Ṣòkòtò Abìyẹ́ sì fún mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá ayàwòrán fi béèrè pé ṣé aṣọ wọ́n ní ìlú tí ọmọkùnrin yẹn ti wá ni.

Ṣùgbọ́n akọni kò lè kàn máa fò lásán. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tí á gbójú sókè, tí inú á máa bí. Ìyẹn ni Inspẹ́kítọ̀ Àgbọ̀n-Irin, ọlọ́pàá líle tí kì í bá èèyàn ṣeré, tó máa ń dé lẹ́yìn tí Abìyẹ́ bá ti so gbogbo olè mọ́ òpó iná tán, tí á wá kígbe pé, "Abìyẹ́, o tún ti ba ẹjọ́ mi jẹ́!" Kóòtù rẹ̀, kóòtù bàbá ni. Àgbọ̀n rẹ̀, àgbọ̀n bàbá ni. Ọgbọ́n tó fi ń mú olè jẹ́wọ́ náà, ti bàbá ni. Àwọn ọlọ́pàá míì ń lu èèyàn, àwọn míì ń pariwo, ṣùgbọ́n ọsàn ni tirẹ̀. Á jókòó síwájú ẹni tó mú, á yọ ọsàn kan àti ọ̀bẹ kékeré látinú àpò, á máa bó o díẹ̀díẹ̀, kò ní jẹ́ kí èèpo rẹ̀ já, kò sì ní sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀daràn kan tó tíì lè dúró kí èèpo yẹn tán.

Nígbà tí bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì, kò sí nǹkan tó ń bẹ̀rù rẹ̀ mọ́ àfi eṣinṣin. Nígbà tí ìwé àwòrán wá gbayì, ayé yí padà. Onígbàjámọ̀ ń fá àgbọ̀n rẹ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra bíi pé ìjọba ló ni ín. Mẹkáníìkì ń fi mọ́tò ẹlòmíì sílẹ̀ kó lè kọ́kọ́ tún tirẹ̀ ṣe. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ kóòtù nínú oòrùn tó ń yọ òróró lára èèyàn. Ó ń ti àgbọ̀n síwájú títí ọrùn fi ń dùn ún. Wàyí o, bí Àgbọ̀n-Irin bá kú, kí ló kù? Bàbá arúgbó kan tó ń ra ìwé ìròyìn ló kù. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó sáré wọlé. Ìyàwó rẹ̀ wà ní kíṣìnnì, ó ń gé àlùbọ́sà.

"Ìyá Ayàwòrán, wọ́n fẹ́ pa mí."

"Ta ni?" Kò gbójú sókè.

"Ohun tí mo fẹ́ lọ wádìí nìyẹn."

"Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ."

"Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa kì í jẹun!"

"Ẹ mú ọsàn dání nígbà náà," ni ìyá wí, ó sì ń gé àlùbọ́sà rẹ̀ lọ.

Òkè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ni ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí kóòtù bàbá fi ń gbá ògiri méjèèjì. Nínú yàrá, yíǹkì ló ń rùn. Wọ́n na okùn láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì fi ohun tí a fi ń mú aṣọ sórí okùn mú àwọn ojú ìwé mọ́ ọn, kó lè gbẹ. Ọmọbìnrin tó ń kun àwòrán lọ́dà jókòó sídìí tábìlì, ó ń po pupa mọ́ pupa. Nígbà tó rí bàbá, ó fi ọwọ́ bo ohun tó ń kùn.

Ohun kan wà tí bàbá kò mọ̀ nípa iṣẹ́ àwọn ayàwòrán: wọn kì í dúró dìgbà tí ọ̀sẹ̀ bá dé kí wọ́n tó yà á. Ohun tí ayé máa kà lọ́jọ́ Ẹtì ti wà lórí okùn tipẹ́. Bàbá ń wá ọ̀nà tí kò fi ní kú, kò mọ̀ pé òun ti kú, òun sì ti ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ó súnmọ́ ọn. Ó wò ó títí.

"Kí ni eléyìí tó wà lórí mi?"

Ọmọ rẹ̀ gbé gègé sílẹ̀. "Firíìjì ni, Bàbá."

"Firíìjì?"

"Àwọn ọ̀tá Abìyẹ́ ló jù ú látòkè ilé."

"Èmi! Èmi tí mo lé adigunjalè wọnú odò! Èmi tí ajá olè bù jẹ tí n ò ké! Firíìjì lo fi pa mí?"

"Ńlá ni, Bàbá," ni ọmọ wí, ó fẹ́ tù ú nínú. "Onílẹ̀kùn méjì ni."

Ọmọbìnrin ọlọ́dà bú sẹ́rìn-ín, ó dọ́gbọ́n sọ ọ́ di ikọ́, ó sì sáré jáde. Bàbá fa àga, ó jókòó síwájú ọmọ rẹ̀. Ó yọ ọsàn. Ó yọ ọ̀bẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ọsàn fún mi."

Bàbá fi ọ̀bẹ kan ọsàn. Èèpo bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Òógùn bo ọmọ lójú. Láti kékeré ló ti mọ ọsàn yìí: òun ni wọ́n fi mú un nígbà tó jí ṣúgà lá, òun náà ni wọ́n fi mú un nígbà tó sọ pé afẹ́fẹ́ ló fọ́ gíláàsì fèrèsé.

"Kì í ṣe èmi ni mo rò ó!" ni ọmọ kígbe. "Ẹnì kan ló wá bẹ̀ wá, Màdáámù ilé ìtẹ̀wé sì gbà. Ṣùgbọ́n kódà kí ẹ bó gbogbo ọsàn tó wà lọ́jà, mi ò ní dárúkọ ẹni náà."

Bàbá dá ọ̀bẹ dúró. Ọmọ yìí kò fi nǹkan pamọ́ fún un rí. Ta lẹni tí ọmọ mi ń bò tó báyìí? Ó dìde, ó gbọn kóòtù rẹ̀, ó kọrí sí ilé ìtẹ̀wé.

Màdáámù tó ni ilé ìtẹ̀wé náà jókòó sẹ́yìn tábìlì onígíláàsì kan. Lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lù kì-kì-kì bí àyà. Obìnrin tó gbójú ni, ṣùgbọ́n òun náà ti ka ìwé àwòrán tirẹ̀ jù. Nígbà tí bàbá jókòó, tó ki ọwọ́ bọ àpò, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Bàbá, ọsàn kọ́?"

Bàbá yọ ọsàn.

"Ẹ gbà mí o," ni Màdáámù wí. "Ẹ fi pamọ́, a jọ máa sọ ọ́. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ náà jókòó sórí àga tí ẹ jókòó sí yẹn gan-an, ó sunkún. Ẹkún yẹn ló mú mi."

"Obìnrin ni?"

Màdáámù ń wo òrùlé.

"Obìnrin ni," ni bàbá wí, ó mi orí bí ẹni tó ti mú olè. "Ẹ má pa mí. Ẹ ní kí ọmọ mi tún un yà."

"Ó ṣeé tún yà. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Firíìjì á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó dìde, ẹ ó gbọn eruku nù. Ṣùgbọ́n inú ń bí yín báyìí, mi ò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ ìbínú lẹ́nu àgbà. Ẹ lọ sílé, ẹ rò ó. Ẹ pè mí lọ́la kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ní kó má kú, kò ní kú."

Bàbá jáde bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ṣé ẹ rí i, ìyè rẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ohun tó kù ni kó mọ obìnrin náà. Ní gbogbo ọ̀nà ilé, ó ń ka gbogbo obìnrin tó ti mú rí lọ́kàn. Nígbà tó dé ilé, ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ ní pálọ̀. Bàbá ju ara sórí àga.

"N ò ní kú mọ́, Ìyá Ayàwòrán! Ó kù kí n mú obìnrin náà. Mo ń fura sí ayédèrú nọ́ọ̀sì yẹn, èyí tó ń gún gbogbo àdúgbò ní abẹ́rẹ́ omi lásán."

"Ẹni yẹn ti di wòlíì," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Èyí tí kò sí ilẹ̀kùn tí kò lè ṣí?"

"Ó ti fọ́jú, kò rí ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ẹ fi ìyá arúgbó yẹn sílẹ̀."

"Wọ́n lè fọ́jú kí wọ́n ṣì máa bínú!" Ìrònú gbé bàbá lọ. Láìmọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti yọ ọsàn, ó ti ń bó o. Ìyá gbé áyọ́ọ̀nù dúró sápá kan. Ó rìn wá, ó gba ọsàn lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó là á, ó jẹ apá kan, ó tu kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ó dùn," ló wí. "Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo lọ bá Màdáámù. Èmi ni mo ní kí wọ́n pa á."

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Bàbá ti pa òwe yìí fún àwọn ọlọ́pàá kékeré láìmọye ìgbà, pé inú ilé ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ máa wá ọ̀daràn. Inú ilé tirẹ̀ gan-an ni kò wá.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹjọ́ mi gan-an nìyẹn." Ìyá fa àga kan, ó jókòó síwájú rẹ̀. "Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún mi. Kí lorúkọ ìyàwó Àgbọ̀n-Irin?"

Bàbá ronú. Ó tún ronú. "Kò... kò níyàwó."

"Ẹ̀hẹ́n! Mo bi ọmọ wa pé kí ló dé. Ó ní bí ọlọ́pàá inú ìwé bá fi níyàwó, àwọn ọ̀tá á kàn máa jí ìyàwó náà gbé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Mo ní ó dáa, kó máa dá gbé. Ṣùgbọ́n látìgbà tí wọ́n ti ń pe ẹ̀yin náà ní Àgbọ̀n-Irin, Bàbá, ẹ̀yin náà ò níyàwó mọ́."

"Kí nìyẹn? Ṣebí inú ilé kan náà la wà?"

"Bí a bá ń lọ lójú ọ̀nà, iwájú lẹ máa ń wà, ọwọ́ lẹ́yìn, àgbọ̀n lókè. Onígbàjámọ̀ bi yín lójú mi pé ṣé èmi ni mo ń bá yín fọṣọ. Ẹ ti àgbọ̀n síwájú, ẹ ò fèsì, torí Àgbọ̀n-Irin kì í ṣàlàyé. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀ fún mi, ẹ wá sọ́sibítù, ẹ dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní, 'Aago mélòó ni ìrora bẹ̀rẹ̀? Ta ló tún wà nínú ilé?' Nígbà tí ẹ jáde, nọ́ọ̀sì rọra bi mí pé kí ni mo jí. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo sunkún."

Bàbá ń wo ilẹ̀. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ. Ẹ bi mí bóyá mo ní ẹlẹ́rìí."

Ọ̀rọ̀ yìí dun bàbá wọnú egungun, torí ó rántí pé lóòótọ́ lòun sọ bẹ́ẹ̀.

"O ò bá ní kí ọmọ yà ọ́ sínú rẹ̀ nígbà náà," ló wí jẹ́jẹ́.

"Kí wọ́n máa jí mi gbé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ta ló ń wá àwòrán? Ọkọ mi ni mo ń wá, mi ò mọ ibi tó wọlé sí."

Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀. Bàbá kò bá a jiyàn. Ọlọ́pàá lọ́lọ́pàá ń jẹ́, ó lọ wádìí ẹ̀sùn. Ó fa páálí kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé e wá sí pálọ̀; inú rẹ̀ ni gbogbo ìwé àwòrán náà wà. Ó ń wo inú ilé Àgbọ̀n-Irin bó ṣe ń wo ilé olè nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Àga kan ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ife kan. Síbí kan. Ìwé kejì, àga kan. Ìwé tó tẹ̀ lé e, àga kan. Ó gbójú sókè, ó wo pálọ̀ tirẹ̀. Àga rẹ̀ rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ife rẹ̀ kan ṣoṣo wà lórí àpótí kékeré kan. Lọ́nà ọ̀hún, tábìlì ìjẹun wà, àga ìyàwó rẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀ lóun nìkan. Ìgbà wo lòun gbé àga kúrò níbẹ̀? Kò mọ̀. Òun tó ń fi ipa bàtà mú olè kò mọ ọjọ́ tí òun kó kúrò nídìí tábìlì ìyàwó òun. Ìtìjú bò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ìwé náà.

Ẹ má rò pé ó rọrùn fún un o. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kóòtù, ó rìn yí àdúgbò ká. Mẹkáníìkì yọ jáde lábẹ́ mọ́tò, ó kí i. Onígbàjámọ̀ sáré nu àga dè é. Oníwèé ìròyìn nà gbọnran, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dùn mọ́ bàbá, kò fẹ́ kó tán, ó wù ú kó máa rìn bẹ́ẹ̀ títí ayé. Ó dúró lábẹ́ igi kan, ó pe Màdáámù.

"Bàbá! Ẹ̀rọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ṣé kó dìde?"

Bàbá bojú wo ọ̀nà ilé. "Rárá," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó kú."

"Háà! Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀ yín. Ẹ yọ firíìjì yẹn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìbọn."

"Firíìjì ò ṣeé yọ, Bàbá," ni Màdáámù wí, àánú rẹ̀ ṣe é tọkàntọkàn. "Àwọn tó ń ṣe firíìjì náà ló polówó sẹ́yìn ìwé."

Bí Àgbọ̀n-Irin ṣe kú nìyẹn. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí oòrùn tó mú, èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sílé bàbá. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí òkú tó wà láàyè kú ọ̀fọ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á wo bàbá, wọ́n á kálòlò, wọ́n á wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Màmá." "Ọlọ́run á tù yín nínú, Màmá." Mẹkáníìkì dọ̀bálẹ̀ fún un tòun ti gíríìsì lára. Onígbàjámọ̀ ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni ìyàwó wọn." Ìyá gba gbogbo rẹ̀ bí opó ọlọ́lá, ó ń dáhùn, ó ń gbé àga fún wọn. Bàbá wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó jókòó tì í nídìí tábìlì ìjẹun, ó ń bá a gé àlùbọ́sà, omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn kan ní àlùbọ́sà ni. Èmi ò sí níbẹ̀.

Nígbà tó yá, obìnrin kan wọlé láti àdúgbò kejì, ẹni tó ń ka ìwé náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò rí bàbá lójúkojú rí. Ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó dì mọ́ ìyá, ó kẹ́dùn, ó nu imú, ó sì wá rí ọkùnrin tó jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Màmá, ẹ má bínú," ló wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Ta ni wọ́n?"

Ìyá yíjú wo bàbá dáadáa.

"Ọkọ mi ni," ló wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti àjò dé ni."